Ẹ Fi Ìṣẹ́tí Sílẹ̀ Nínú Aṣọ Ọmọ Yín

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Télọ̀ ni mí ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mo ń rán jù, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Tó bá ti di ìparí oṣù Kẹjọ báyìí, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í ráyè jẹun ọ̀sán. Ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n wá àyè mú bírò.

Ìyá méjì ló pàdé lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún 11, ọmọ náà sì ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ìyá sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ìyá Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣẹ́tí sílẹ̀ nínú síkẹ́ẹ̀tì eléyìí o. Tí ẹ bá fàyè sílẹ̀ fún un, á tún ga sí i." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyá kejì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbọ́, ló bá ní, "Ẹ bá mi kó àyè yẹn fún tèmi." Ọmọ tiẹ̀ ti pé 13, gáùn tí mo rán fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn ṣì ń bá a mu. Ó ní ẹ̀wà ni òun ń fún un láàárọ̀ lálẹ́, òun sì ti lé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kúrò ní yàrá torí pé ó máa ń ré ọmọ náà lẹ́sẹ̀ kọjá tó bá sùn. Ni ìyá àkọ́kọ́ bá figbe ta: "Ẹ̀wà kẹ̀! Èmi ti dá ẹ̀wà dúró nílé mi láti oṣù Kẹta!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ méjèèjì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Èyí tó ga doríkodò, èyí tó kúrú ń fi èékánná họ ojú tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ẹ̀rín tèmi náà ò tọ́jọ́, torí ohun tí ìyá àkọ́kọ́ ń ṣe yẹn, mo ti ṣe é rí.

Ẹ jẹ́ kí n máa pe ọmọ mi ní Àdùkẹ́ nínú lẹ́tà yìí. Ó ti ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun jáde nínú ìwé ìròyìn. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ìwọ̀n gbogbo oníbàárà sí, tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9, gáùn rẹ̀ láti èjìká dé ìsàlẹ̀ orúnkún jẹ́ íǹṣì 34. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 36. Lẹ́yìn náà, 38 ààbọ̀. Nígbà tó pé ọdún 12, 41. Àmọ́ bàtà ló kọ́kọ́ dá mi lágara. Bàtà iléèwé tí mo rà loṣù Kẹsàn-án, kó tó di ọdún Àjíǹde, ọmọ ti ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi sílípáàsì. Mo ní ó ń ba bàtà jẹ́, mo bá a wí gidigidi. N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sáré, kí ojúgun àti itan tó tẹ̀ lé e, kí ẹ̀yìn àti àyà tó wá dé gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń bàlágà fi máa ń dà bí ẹni tó yá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lò, tí á máa kọsẹ̀, tí á máa da omi nù.

Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Wọ́n ní, "Ta ló máa fẹ́ igi ọ̀pẹ yìí?" Ẹ sì wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé, nílé bàbá tiwọn, Agùntáṣọọ́lò ni àwọn ìyàwó ilé ń pe ìyá yìí! Orúkọ àpọ́nlé ni, ẹni tó ga débi tí aṣọ fi ń yẹ ẹ́. Ibo ni wọ́n rò pé Àdùkẹ́ ti gbé gíga tiẹ̀ wá? Wọ́n ní ẹ̀wà ló ń nà án. Èmi náà dá ẹ̀wà dúró. Ọmọ tó ń fi íǹṣì mẹ́ta ga lọ́dún, tí ebi egungun ń pa, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja lèmi ìyá rẹ̀ ń gbé síwájú rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe wèrè yẹn. Gíga rẹ̀ kò dín, ó kàn ń rù ni.

Ti bàbá rẹ̀ yàtọ̀. Kò bẹ̀rù pé kò ní rí ọkọ fẹ́, ọkùnrin gan-an ló ń bẹ̀rù, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ọmọ ọdún 11, kọ́ńdọ́tọ̀ ń gba owó àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́kadà ń pè é ní àǹtí. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 2018, ọkùnrin kan tó tó bàbá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ mọ orúkọ ọmọ iṣẹ́ mi tó wà níta, pé ó wu òun. Mo yọjú wo ìta. Tẹ́ńtẹ́n ni Àdùkẹ́ ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ alátẹ, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń ju ẹsẹ̀, eruku ti bò ó dé orúnkún. Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ pírámárì síìsì nìyẹn o." Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo mú àlùmọ́gàjí mi lórí tábìlì, kò dúró kí n tó sọ̀rọ̀ kejì. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ̀ ti ní kò gbọ́dọ̀ ṣeré níta mọ́. Ẹ ò rí i? Ọkùnrin ló ṣẹ̀, ọmọ la tì mọ́lé.

Aṣọ ló là mí lójú. Gáùn tí mo rán fún un nígbà Kérésì ọdún 2019, iwájú rẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn gbé sókè. Mo tú u, mo tún un rán, ẹ̀yìn tún gbé sókè. Mo bá fa téèpù yọ. Láti èjìká dé ìbàdí lẹ́yìn, íǹṣì 17. Lọ́wọ́ iwájú, 15. Ẹ bi télọ̀ èyíkéyìí, ìwọ̀n arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ ọdún 12. Mo ní, "Nàró." Ó nàró, iwájú àti ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Bí mo ṣe yọ téèpù lára rẹ̀ báyìí, ó tún wó sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bẹ̀rẹ̀ tá a bá ń ya fọ́tò."

Òótọ́ ló sọ. Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, èmi ni mo gbá a ní ìbàdí pé kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kó má baà ga ju ìyàwó lọ nínú fọ́tò. Fọ́tò náà wà nílé mi títí dòní. N kì í lè wò ó.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá nọ́ọ̀sì tó gbà wá béèrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: ṣé ó ti ń ṣe nǹkan oṣù? Mo ní ó ti tó oṣù mẹ́rin. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Òjò tó ti dá lo ń ṣí agbòòrùn sí." Wọ́n ní eré gíga ọmọbìnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 10 tàbí 11, kí nǹkan oṣù tó dé ló sì máa ń le jù. Tí nǹkan oṣù bá fi máa yọjú, ọ̀pọ̀ nínú eré náà ti parí, ó kù íǹṣì 2 tàbí 3. Omi ara tó ń mú ọmú yọ náà ló ń na egungun, òun náà ló sì ń padà wá dí orí egungun pa, tí ọmọ kò fi ní ga mọ́. Ọkùnrin máa ń fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ ju obìnrin lọ, òun ló fà á tí àwọn ọmọbìnrin JSS 1 fi máa ń wo orí àwọn ọkùnrin kíláàsì wọn láti òkè. Tó bá di SS 2, ẹ padà lọ wò wọ́n.

Wọ́n wá mú bírò, wọ́n yí káàdì ilé ìwòsàn dé ẹ̀yìn. Báwo ni bàbá ṣe ga tó? Ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn íǹṣì 72. Ìwọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 5, ìyẹn 65. Wọ́n ro ó pọ̀, wọ́n yọ íǹṣì 5 kúrò torí pé obìnrin ni, wọ́n pín in sí méjì, ó jẹ́ 66. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 6. Ó lè fi nǹkan bí 3 lé, ó lè fi 3 dín. O ò rí i pé ẹ̀wà ò sí nínú ìṣirò yìí?" Àdùkẹ́ dúró sí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8. Látìgbà tó ti pé ọdún 15, n kò tú ìṣẹ́tí rẹ̀ mọ́.

Mo sọ ìtàn yìí fún àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London, ó ní kí n má rò pé àwa nìkan ni. Ó ní láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ sókè, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà máa ń fún àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ga jù ní oògùn ẹ́sítírójìn, ìyẹn omi ara tó ń mú ọmú yọ yẹn, kí orí egungun wọn lè tètè dí. Ta ló máa fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi gan-an ni àwọn òyìnbó náà ń sọ. Lọ́dún 2004, ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Ọsirélíà tó lo oògùn yìí, tí wọ́n ti dàgbà. Ìṣòro àtilóyún pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò lò ó. Àwọn ìyá ń wá ọkọ fún ọmọ, wọ́n wá fi ọmọ dù ú.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó kúrú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni ọkàn mi lọ sí jù. Oníbàárà mi kan ní ọmọbìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. (N kò fẹ́ràn orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn yẹn, fòníkú-fọ̀ladìde. Kí ló dé tí a ò lè dúró sórí fọ̀ladìde nìkan?) Lọ́mọ ọdún 14, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ọdún 11 ló ń wọ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń sunkún tí mo bá ń ká téèpù. Irú wọn sábà máa ń pẹ́ bàlágà, egungun wọn náà a sì pẹ́ kó tó dí. Nígbà tí ọmọ náà pé 17, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Mo wá sọ fún ìyá orí bẹ́ǹṣì yẹn pé kó fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ń réni kọjá sílẹ̀. Kó lọ wò ó bóyá ọmú ọmọ rẹ̀ ti yọ. Bí kò bá tíì yọ ní 13, tí aṣọ ọdún méjì sì ń bá a mu, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo. Bákan náà ni ọmọ tí ọmú rẹ̀ yọ kó tó pé ọdún 8, àti èyí tí kò rí nǹkan oṣù títí ó fi pé 15.

Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, Tobi Amusan ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sáré fo ìdènà ni, kò ga rárá, ìdènà tí àwọn obìnrin ń fò nínú eré yẹn sì ga tó sẹ̀ńtímítà 84, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìbàdí. Lọ́dún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 fò ó ju gbogbo obìnrin ayé lọ. Ọmọ náà ní, "Èmi ò mọ eré sá." Ó tọ́. Ẹni tó bá ga náà, kì í ṣe dandan kó gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí àwọn télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́. Lọ́dún 2021, mo rán síkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kan, apá òsì rẹ̀ wálẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ. Mo rò pé àlùmọ́gàjí mi ló yẹ̀. Mo tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ní kó dúró kó kẹ̀yìn sí mi, mo rí i pé èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Mo pe ìyá rẹ̀. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wọ́, àsìkò tí ọmọ ń sáré ga ni ìyẹn sì máa ń le sí i. Wọ́n tètè rí i, wọ́n fi bẹ́líìtì tó ń mú ẹ̀yìn nàró sí i. Ẹ má máa bú ọmọ iṣẹ́ yín nígbà gbogbo tí aṣọ bá wọ́.

Àdùkẹ́ ti wà ní yunifásítì báyìí. Ó ń nàró, àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà síta, mo ṣì máa ń rí i tí orúnkún rẹ̀ ń rọ̀ díẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀.

Ní ti ọmọ ọdún 11 yẹn, ọjọ́ Jímọ́ ni ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá gba yúnífọ́ọ̀mù. Íǹṣì mẹ́ta ni mo fi sínú ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì náà, mo fi òwú tó bá a mu bò ó dáadáa. N kò sọ fún un. Tó bá ń ka ìwé ìròyìn yín, ó ti mọ̀ báyìí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Àdùkẹ́ Télọ̀,
Ọjà Ọba, Òṣogbo.