Bí Ẹ Bá Lé Onígẹdú, Ẹ Má Fi Ọdẹ Sílẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ igbó ọba bá ti délẹ̀ ní Èkìtì, àwọn kan á ní kí ìjọba lé onígẹdú nìkan, kí wọ́n fi ọdẹ sílẹ̀, torí ẹran tí ọdẹ ń pa kò tó nǹkan. Wọ́n ti dán irú àbá yìí wò lábẹ́ òkun ní New Zealand.

Ní Leigh, wọ́n ya nǹkan bíi kìlómítà 5 etíkun sọ́tọ̀ lọ́dún 1975: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ síbẹ̀. (Bẹ́ẹ̀ náà ni èèwọ̀ igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, kò yọ ẹni tó fẹ́ pa ẹja kan ṣoṣo sílẹ̀.) Ní Mimiwhangata lọ́dún 1984, apẹja oníṣòwò ni wọ́n lé, wọ́n gba ẹni tó ń pẹja jẹ nílé láyè. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka ẹja snapper ibẹ̀, kò pọ̀ ju ti ibi tí kò ní ààbò rárá lọ. Ti Leigh pọ̀ fíìfíì, wọ́n sì tóbi.

Títóbi yẹn gan-an ni kókó. Kelp, ewéko òkun tó ń di igbó lórí àpáta abẹ́ omi, kò ní gbòǹgbò tó ń fa oúnjẹ. Ìdí rẹ̀ kàn lẹ̀ mọ́ òkúta ni. Kina, ẹran omi roboto tó lẹ́gùn-ún lára bí òòrẹ̀, ló ń jẹ ẹ́. Bó bá ti gé e nídìí, gbogbo rẹ̀ a bá omi lọ. Snapper ńlá àti alákàṣà ńlá ló lè fọ́ èèpo kina tó ti dàgbà. Ẹja kékeré kò lè fọ́ ọ. Ẹja ńlá yẹn náà sì ni ẹni tó ń pẹja jẹ nílé ń wá. Bí wọ́n bá tán, kina a pọ̀, àpáta a ṣófo, ebi kì í sì í tètè pa kina kú. Ní Leigh, ó ju ọdún 10 lọ kí kelp tó padà bo àpáta.

Leigh náà ní àléébù. Títí di ọdún 2025, mítà 800 péré ni ààlà rẹ̀ fi wọ inú òkun. Alákàṣà máa ń rìn kọjá ibẹ̀ lọ jẹun lórí iyanrìn, àwọn apẹja sì to ìgèrè sí ojú ààlà gan-an dè wọ́n.

Ní igbó ọba Ìṣẹ̀-Èkìtì, ìnàkí ló ń jẹ èso, tó sì ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbòmíràn. Bí ọdẹ bá pa wọ́n tán, igi tí a torí rẹ̀ lé onígẹdú kò ní rí ẹni gbìn ín. Kí ìjọba má ṣe yọ ọdẹ kankan sílẹ̀, àti oníbọn àti onítàkúté. Kí wọ́n sì tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ ẹranko kí wọ́n tó ri òpó ààlà, kí odò tí àwọn ẹranko ti ń mu omi má bàa bọ́ síta.

Àwa olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa àyíká,
Adó-Èkìtì.