Lẹ́tà sí Ìyá Ayọ̀ lórí ilé-ìwé elédè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì

Ìyá Ayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Ayọ̀, mo sì kí ọkọ mi kékeré náà. Ẹ kú àárẹ̀ ìrìn.

Orúkọ ilé-ìwé mẹ́ta tí o kọ ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló ní èdè méjì làwọn fi ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lè máa fi ìdajì ọ̀sẹ̀ kọ́ni ní Faransé, kí òmíràn ya wákàtí mẹ́ta péré sọ́tọ̀ fún un, kí ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu géètì sì bára mu. Ohun tí mo fẹ́ kí o wádìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ni irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi èdè kọ̀ọ̀kan kọ́, iye wákàtí tó ń gbà, àti kíláàsì tí wọ́n máa bá a dé.

Ìdánwò àṣejáde ni kí o kọ́kọ́ bèèrè. Mo mọ̀ pé ó jìnnà fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà, ṣùgbọ́n òun ló ń darí gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nísàlẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ń tẹ̀lé ètò ilẹ̀ Faransé, Ayọ̀ máa ṣe ìdánwò brevet ní òpin collège, ìyẹn girama kékeré, yóò sì ṣe ìdánwò baccalauréat ní òpin lycée, ìyẹn girama àgbà. Èyí tó fún Gẹ̀ẹ́sì láyè dáadáa nínú rẹ̀ ni Baccalauréat français international, BFI, tó rọ́pò OIB, irú rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, láti ìdánwò ọdún 2024. Nínú rẹ̀, ọmọ máa ka lítíréṣọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì kọ́ apá kan nínú ìtàn àti jọ́gíráfì ní èdè náà. Àwọn ilé-ìwé mìíràn ń lo ètò IB (International Baccalaureate), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Geneva ní 1968. Dípúlómà elédè méjì wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń gbà á. Ẹni tó bá ka lítíréṣọ̀ ní èdè méjèèjì tó sì gba 3 nínú 7 ó kéré tán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rí i gbà, tàbí ẹni tó bá fi èdè kejì ṣe sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Bi wọ́n ní iye ọmọ tó gba irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Níbi tó bá jẹ́ pé IGCSE àti A level, àwọn ìdánwò girama ti Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi ń parí, Faransé sábà máa ń di ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo láàrin ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ìdánwò, bó ti wù kó gbilẹ̀ tó ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Bí ètò Faransé bá wù yín, ẹ bèèrè homologation, ìyẹn ìfọwọ́sí tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Faransé ń fún ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn odi. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń kọsẹ̀ ni pé ìpele kíláàsì ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Ilé-ìwé kan lè ní in láti maternelle (jẹ́lé-ó-sinmi) dé CM2 (kíláàsì ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), kí collège rẹ̀ má ní. Àtòjọ rẹ̀ máa ń jáde nínú Journal officiel lọ́dọọdún, ó sì wà lọ́dọ̀ AEFE, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé Faransé lẹ́yìn odi láti 1990. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó, ẹ má fi mọ sí ohun tí akọ̀wé ilé-ìwé bá sọ. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ń gbé kiri, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an: ọmọ tó bá ti kíláàsì tó ní ìfọwọ́sí wá lè wọ irú rẹ̀ níbòmíràn láìṣe ìdánwò ìgbaniwọlé bí àyè bá wà, yàtọ̀ sí section internationale, ẹ̀ka tó ń fi èdè mìíràn kọ́ apá kan ẹ̀kọ́, tó sábà máa ń dán Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wò. Ẹni tí kò bá ti ibẹ̀ wá, ìdánwò ń dúró dè é. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń kúrò, ẹ gba exeat (ìwé ìkúrò ní ilé-ìwé) àti livret scolaire (ìwé èsì ẹ̀kọ́) rẹ̀ dání.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wákàtí. Gba àtẹ ìgbà ẹ̀kọ́ kíláàsì tó fi ọdún méjì ju ti Ayọ̀ lọ, mú bírò, kí o kà á. Nínú ètò Faransé, wákàtí 24 ni ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìdajì ìdajì làwọn pín in, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ 12. Kí o tún wo ohun tó wà nínú 12 náà. Bó bá jẹ́ eré ìdárayá, orin àti àwòrán yíyà nìkan ni, Ayọ̀ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò ní lè fi í ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń hó. Èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹ̀kọ́ kan tó nira nínú.

Ìṣirò ni mo máa ń ṣọ́ jù. Faransé a máa ka 97 bí ogún mẹ́rin àti mẹ́tàdínlógún, kọ́mà ló sì ń lò láàrin odindi nọ́ńbà àti ìdá rẹ̀, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ń lo àmì ìdánudúró (.). Ọmọ tó kọ 1,000 láti fi ṣe ẹgbẹ̀rún ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ Faransé lè kà á sí ẹyọ kan péré. Bí wọ́n ṣe ń to ìpín sílẹ̀ náà yàtọ̀: Faransé ń kọ nọ́ńbà tí a fi ń pín sọ́wọ́ ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́ sósì. Ọmọ máa borí gbogbo èyí bí ilé-ìwé bá yan èdè kan fún ìṣirò tó sì dúró tì í fún ọdún mélòó kan. Ibi tí wọ́n bá ń yí i padà nítorí pé olùkọ́ kan lọ, ẹ sá níbẹ̀.

Ìwé kíkà tún wà. Nínú ètò Faransé, CP, kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ ìwé kíkà gan-an, ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún tí ọmọ máa pé mẹ́fà. Ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ láti ọdún mẹ́rin. Ọdún ìbí ni ilẹ̀ Faransé fi ń pín kíláàsì, láti January dé December, Ẹńgláǹdì sì ń kà á láti Oṣù Kẹsàn-án. Nítorí pé Oṣù Kọkànlá ni wọ́n bí Ayọ̀, yóò wà lára àwọn tó kéré jù ní kíláàsì Faransé, yóò sì wà lára àwọn àgbà ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rò ó dáadáa.

Kíkà ní èdè kan máa ń ran èkejì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà ń tako ara wọn: ch Faransé a máa dún bíi ṣ tiwa, ou rẹ̀ bíi u. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ìparí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé kì í dún, ìyẹn ló ń mú kí dictée (àpèkọ) le fún ọmọ tó ń sọ èdè náà geere. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ èdè méjèèjì pọ̀, ó lè dára. Bí wọ́n bá fi oṣù díẹ̀ ya ọ̀kan sẹ́yìn, ó lè dára. Èyí tí kò dára ni kí olùkọ́ méjèèjì má bára wọn sọ̀rọ̀. Bèèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n fi ń jókòó pọ̀ lọ́sẹ̀. Bí kò bá sí lórí àtẹ, má gbára lé e. Bèèrè iye olùkọ́ tó lọ lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú.

Jim Cummins, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní Kánádà, fi hàn pé ọmọ lè máa tàkúrọ̀sọ ní èdè tuntun láàrin nǹkan bí ọdún méjì, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ máa ń gbà tó ọdún márùn-ún sí méje. Lẹ́yìn ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti máa ń dá ìrànlọ́wọ́ dúró, tí ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn ní CM1 (kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), tí wọ́n á ní kò gbọ́n. Bèèrè iye wákàtí ìrànlọ́wọ́ lọ́sẹ̀, iye ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, bóyá owó ọ̀tọ̀ ni, àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n á ti yọ Ayọ̀ kúrò kó lè lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣirò ni, má gbà.

Olùkọ́ kan lè sọ fún yín pé kí ẹ fi èdè abínibí yín sílẹ̀ nílé kí ọmọ má bàa dàrú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́. Ẹ máa fi í pa ìtàn fún un, ẹ máa fi í ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìmọ̀ tó bá fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ló máa gbé lọ sí èdè méjì yòókù.

Ní ti owó, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọn kì í dá padà, owó ọdọọdún, oúnjẹ, bọ́ọ̀sì, ìwé, ìdánwò, àti iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ kúrò. Lycée sábà máa ń wọ́n ju maternelle lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ lọ láàrin ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ àlejò. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ CE2 (kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) kan ní èdè méjèèjì. Bí ti Gẹ̀ẹ́sì bá kún fún gbólóhùn tó gùn, tí ti Faransé sì jẹ́ àlàfo tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan dí, ẹ ti mọ èdè tó lágbára níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi èsì ìdánwò hàn yín, 20 ni Faransé fi ń díwọ̀n: 10 ni àṣeyege, 14 dára, 16 ga púpọ̀. Ẹ má bínú sí 13.

Ya àwòrán àtẹ ìgbà ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, kí o sọ kíláàsì tí wọ́n fẹ́ fi Ayọ̀ sí níkọ̀ọ̀kan, kí n lè bá ọ kà á.

Èmi ni tìrẹ,
ọ̀rẹ́ rẹ.