Lẹ́tà ẹ̀sùn láti Kétu: dẹ́kódà tẹ́ ẹ tà fún wa pé ó ń gba ètò sílẹ̀

Sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ dẹ́kódà, ní Kùtọnú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà yín ni mí ní Kétu níbí, aránṣọ ni mí, ẹ̀gbẹ́ ọjà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Orúkọ mi, nọ́ńbà káàdì mi àti risíìtì tí mo gbà lọ́jọ́ tí mo ra ẹ̀rọ wà lára ìwé tí mo fi ti lẹ́tà yìí lẹ́yìn. Mo ti bá ajẹ́ǹtì yín sọ ọ́, mo ti pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sára páálí, wọ́n á ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì, orin á máa kọ, á máa kọ ṣáá, títí kírédíìtì mi á fi tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ lédè tí mo lè fi sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Ẹni tí ò bá gbọ́ ọ níbẹ̀, kó fún ọmọ Nàgó tẹ́ ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì kó kà á fún un, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ o.

Ẹ̀sùn mi rèé. Ẹ ta ẹ̀rọ tó ń gba ètò sílẹ̀ fún mi, ẹ gbowó ẹ̀, mo gba nǹkan sílẹ̀ sínú ẹ̀, ìgbà tí mo dá owó oṣù dúró díẹ̀ ẹ ti gbogbo ẹ̀ mọ́ mi, ìgbà tí mo sì sanwó padà, onímọ̀ẹ̀rọ tẹ́ ẹ rán wá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ pátápátá. Kò sẹ́nì kankan nínú yín tó sọ fún mi kí n tó rà á pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Mi ò kàn já wọ bútíìkì yín lọ́jọ́ tí mo rà á o. Mo yẹ nǹkan wò. Àpótí TNT, èyí tó ń fi àntẹ́nà gba tẹlifíṣọ̀n láìlo díṣì, wà lọ́jà, kò wọ́n, téèyàn bá ti rà á tán kò tún sówó oṣù, òmíì nínú wọn téèyàn bá ki fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á gba ètò sórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣánẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ò pọ̀ tó èyí tí àwọn ará ilé mi fẹ́. Ilé iṣẹ́ olódíṣì kejì náà wà, owó oṣù tiwọn kéré sí tiyín, àmọ́ dẹ́kódà tí wọ́n ń tà níbí ò lè gba nǹkan kan sílẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì Calavi ní ká máa wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní ọmọ mi, ta ni yóò máa ra dátà tí bàbá ẹ á fi wo bọ́ọ̀lù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí á tún máa dúró yí po lójú kan nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbá a sáwọ̀n. Tiyín ló ní hádì dísìkì 500 gígà nínú. Ọmọ náà ṣírò ẹ̀ fún mi, ó ní ètò HD, ìyẹn èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ dáadáa, wákàtí kan lè gba 3 sí 4 gígà, pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tó lé ní 100 wákàtí la máa rí kó pa mọ́. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn, torí aránṣọ ò lè wo ìròyìn alẹ́, ìgbà tí wọ́n bá ń kà á gan-an ni ẹni tó fẹ́ wọṣọ lọ síbi ìnáwó lọ́la máa dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kò ní lọ.

Owó dẹ́kódà yín ju ìlọ́po méjì ti dẹ́kódà lásán lọ. Mo bi ọmọkùnrin tó wà ní bútíìkì pé kí ló dé, ó ní, "Ìyá, ohun tẹ́ ẹ bá ti gbà sínú ẹ̀, tiyín ni, ìgbà tó bá wù yín lẹ ó wò ó." Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, ìyàwó àbúrò ọkọ mi wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ pẹ̀lú mi. Ohun tó jẹ́ kí n yàn yín nìyẹn, kò sí nǹkan míì. Ká ní mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ni, fláàṣì àti TNT ni ǹ bá rà, ǹ bá fi ìyókù owó ra ìgàn aṣọ.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ n sọ ti wáyà. Ìwé ìpolówó yín ní èèyàn lè máa wo ṣánẹ́ẹ̀lì kan kí dẹ́kódà máa gba òmíì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nílé wa, tá a bá ti ní kó gba nǹkan, tẹlifíṣọ̀n á há sórí ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn, kò ní lọ síbòmíì. Ọkọ mi rò pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń tún rédíò ṣe ló yí dẹ́kódà padà, ó ní ihò méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀kan ṣófo, pé wáyà méjì ló yẹ kó ti orí tó wà níwájú díṣì wá, orí ọ̀hún pàápàá gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ní ẹnu méjì. Ẹni tẹ́ ẹ rán wá gbé díṣì kọ́ fa wáyà kan ṣoṣo, ó gbowó iṣẹ́, ó gun zem ẹ̀, ọ̀kadà ẹ̀, lọ. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yẹn ló bá wa fa èkejì, àwa la san án. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, owó ẹ̀ wà nínú ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá padà.

Ti aago náà tún wà. Ìwé ètò tó ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, aago Paris lẹ ń kọ síbẹ̀. Nígbà òtútù wọn kò sí wàhálà, aago tiwa àti tiwọn jọ ń lọ ni. Ṣùgbọ́n láti ìparí Máàsì títí dé ìparí Òkítóbà tí wọ́n bá ti sún aago wọn síwájú, ohun tẹ́ ẹ bá kọ pé agogo mẹ́sàn-án ló máa bẹ̀rẹ̀, agogo mẹ́jọ tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀. Dẹ́kódà ò mọ̀yẹn, agogo mẹ́sàn-án Kétu ló máa tó ta jí. Ní ọjọ́ 10 oṣù June 2024 tí àwọn Guépards wa, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bẹ́nẹ̀, bá Nàìjíríà gbá ní Abidjan, ọkọ mi wà lójú ọ̀nà Pobè, ó ti ṣètò ẹ̀ láti àárọ̀ kó gbà á sílẹ̀ fún un. Ẹ mọ ohun tí ìfẹsẹ̀wọ̀nsẹ̀ yẹn jẹ́ fún àwa tá a wà ní bodè níbí, tá a ní ẹbí lọ́hùn-ún, tá a ní ẹbí níhìn-ín. Bẹ́nẹ̀ borí 2 sí 1. Gbogbo góòlù tó wọlé lọ́jọ́ náà, ti Nàìjíríà, ti Dossou, ti Mounié, kí wọ́n tó lọ sinmi ló wọlé. Ọkọ mi délé, ó wẹ̀, ó jókòó, ó tan án, abala kejì ló bá níbẹ̀. Góòlù kan ò sí nínú ẹ̀! Bàbá náà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó dáa, gbogbo ìyẹn mo fara dà á. Tójò bá ṣú tí àwòrán bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ mi ò pè yín, mo mọ̀ pé òjò àti ìkùukùu tó nípọn kì í jẹ́ kí ohun tó ń bọ̀ láti òkè délẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó lè bá òjò jà. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ti ètò Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ṣánẹ́ẹ̀lì kan wá ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìlú wa, wọ́n fi hàn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbà á sílẹ̀. Gbogbo ayé ti mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, UNESCO ti kéde ẹ̀ láti 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ayé wọn ní 2008, fún Bẹ́nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, wọ́n lè ya òmíì lọ́la, ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ìyá ọkọ mi ló wà nínú èyí. Ó wà láàárín àwọn obìnrin tó ń gberin, ìgbà tí Ẹfẹ̀, akọrin tó ń dárin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, dá orin sílẹ̀ wọ́n gbè é, kámẹ́rà rìn kọjá lórí wọn, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó dúró. Ìyá we gèlè aláró, ó fi ọwọ́ kan bo etí kan bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ gbé ohùn sókè, ó ṣojú kan sí ẹni tó mú kámẹ́rà bíi pé kí lò ń wò, ó sì tún padà sórí orin. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ìyá ti kú báyìí. Fọ́tò ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò sí níbòmíì. Àwọn ọmọ mi á dá a padà sẹ́yìn, wọ́n á tún dá a padà, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tí wọn ò mọ̀ ọ́n láyé ti mọ orin yẹn lórí.

Ó wá di ìgbà owó ilé ìwé. Mo dá owó oṣù dúró, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé dandan ni ká máa san láìdúró, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sára páálí pé a lè dá a dúró ká tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá wù wá. Mo mọ̀ pé ṣánẹ́ẹ̀lì máa lọ, ìyẹn tọ́. Mo wá lọ síbi ohun tí mo ti gbà sílẹ̀, orúkọ wọn tò síbẹ̀ báyìí, mo tẹ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ní kí n lọ san abonnement mi, ìyẹn owó oṣù. Ètò tí mo ti sanwó ẹ̀ lóṣù tí mo gbà á! Ó rí bíi kí n ra àpótí lọ́wọ́ káfíńtà, kó wá máa gbowó kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lóṣooṣù kí n tó rí aṣọ mi tó wà nínú ẹ̀. Ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò kọ́ nìyẹn, kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi gbà sílẹ̀ kò bi wá pé ta ló sanwó lóṣù yìí.

Mo sanwó padà. Dẹ́kódà ṣì ń kọ ọ́ síta pé káàdì ò mọ òun mọ́. Ẹ rán onímọ̀ẹ̀rọ wá. Mo sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn án pé nǹkan pàtàkì wà nínú ẹ̀ o, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó tẹ rìmóòtù, nǹkan kan hàn ní Faransé lójú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ "oui", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, ó tún tẹ "oui". Ṣánẹ́ẹ̀lì dé. Mo lọ wo ibi tí orúkọ tò sí, ó ṣófo. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn, pé tí káàdì àti dẹ́kódà bá ti kọ ara wọn, àwọn á fọ hádì dísìkì ni. Kí ló dé tí ò bi mí kó tó tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Mo ti yọ dẹ́kódà yẹn kúrò lára iná láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kó gba ohunkóhun lé ibi tí ètò yẹn wà, torí ọmọ mi ní ohun tí wọ́n pa rẹ́ báyìí lè ṣì wà níbẹ̀ tí nǹkan míì ò bá tíì bò ó. Ó ní àmọ́ titì ni wọ́n ti ohun gbogbo tó wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣí i. Ẹ gbà á, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní Kùtọnú, kó wá ètò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn jáde, kẹ́ ẹ fi sórí fláàṣì fún mi. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù sí mi, ó ju owó lọ.

Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó tí mo fi lé ti dẹ́kódà lásán padà, àti owó wáyà. Òfin 2007-21 tó ń dáàbò bo oníbàárà wà ní Bẹ́nẹ̀, mo ti ní kí ọmọ mi kà á fún mi, ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń tà bó ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sára páálí yẹn lédè tá a gbọ́, pé ohun téèyàn bá gbà sílẹ̀ kò ní ṣeé wò tí owó oṣù bá tán, kí ẹni tó fẹ́ yàn mọ ohun tó ń yàn. Kẹ́ ẹ sì tún aago yẹn ṣe kí oṣù Máàsì tó tún dé.

Aládùúgbò mi kan ti tọ́jú owó láti ra irú ẹ̀, ó ní kí n sọ èyí tó dáa fún òun. Mo ní kó ní sùúrù kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè mí, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ pè kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, torí tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi ò ní gbọ́ fóònù. Tẹ́ ẹ bá máa rán èèyàn wá, ẹ má rán èyí tó wá níjelòó.

Èmi ni oníbàárà yín, aránṣọ ní Kétu.