Lẹ́tà láti London: ẹ má fi òṣùwọ̀n kan wọn Guinness méjì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo rí ìbéèrè yín gbà: nínú Guinness ti ibí àti èyí tí wọ́n ń pọn ní Ìkẹjà, èwo ló dára jù?

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tí àwọn èèyàn fi ń wéra kì í ṣe ọtí kan náà. Guinness tí wọ́n ń fà láti inú ẹ̀rọ ní ilé ọtí níbí, agbára rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Odeku tiwa, ìyẹn Guinness ti Ìkẹjà, jẹ́ 7.5. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ti ti ibí jáde. Ìdí nìyẹn tí ìfófó rẹ̀ fi nípọn tó sì kúnná, tí ọtí náà kì í sì í ta ahọ́n. Tiwa ń ta ahọ́n dáadáa. Àwọn adájọ́ bíà tó ń lo ìwé ìlànà BJCP, ẹgbẹ́ àwọn adájọ́ bíà, pàápàá kì í kó àwọn méjèèjì sí ọ̀wọ́ kan.

Ẹgbẹ́ Odeku gan-an ni Foreign Extra Stout (bíà dúdú, oríṣi Guinness tó le jù ti ẹ̀rọ lọ) tí wọ́n pọn ní Dublin, nítorí 7.5 lòun náà. Ọkà ló yà wọ́n. Báálì ni ti Dublin. Ọkà bàbà àti àgbàdo ló pọ̀ jù nínú ti Ìkẹjà. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọlé ní 1988, ọkà ilé ni àwọn ilé ìpọntí wa yíjú sí, ọ̀nà náà ò sì parun mọ́. Wọ́n wá ń po omi dúdú kíki kan mọ́ ọn tó ń ti Dublin wá, tí wọ́n fi báálì yíyan àti họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, ṣe. Òun ló ní àwọ̀ dúdú àti adùn kọfí yẹn.

Ìgò Dublin mẹ́rin wà nínú ẹrù tó ń bọ̀, 33cl ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra Odeku ńlá méjì, 60cl, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lára ìgò kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ti ń pa nínú kéréètì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ooru máa ń jẹ́ kí ọtí gbó kíákíá, adùn rẹ̀ á wá dà bíi páálí tó rin. Ti ìgò aláwọ̀ ewé bíi Heineken tún burú sí i: ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa ba kíkorò họ́ọ̀pù jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti asín. Ìgò dúdú ń dáàbò bo Guinness lọ́wọ́ èyí, kò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ooru.

Ẹ jẹ́ kí ìgò Dublin sinmi fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, torí ọtí tó ti mì jìgìjìgì lọ́nà a máa ru dànù. Ẹ kó gbogbo wọn sí fíríìjì kan náà ní alẹ́, kí ẹ sì gbé wọn jáde ní bíi ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí wọn. Stout tó tutù bíi yìnyín kò ní òórùn, kíkorò nìkan ni yóò kù.

Kí ẹ tó béèrè èwo ló dùn jù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnu yín mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tí kò ní mu ni kó máa bu ọtí. Èèyàn mẹ́fà, ife mẹ́ta mẹ́ta, 6cl nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni mẹ́ta á gba Dublin méjì àti Ìkẹjà kan, ẹni mẹ́ta yòókù á gba Ìkẹjà méjì àti Dublin kan. Kí kálukú tọ́ka sí èyí tó dá yàtọ̀. Orí ìré lásán lè mú un lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, nítorí náà bí kò bá tó ẹni márùn-ún tó mú un, ẹ má jiyàn mọ́. Odeku kan àti ìgò Dublin méjì ló máa lọ síbẹ̀.

Èyí tó kù ni ẹ ó fi díwọ̀n, 10cl fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọ ife, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, ẹ dojú rẹ̀ dé kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀rá tàbí ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù ń pa ìfófó. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ sùyà, obì tàbí orógbó ṣáájú. Omi àti búrẹ́dì lásán ni kó wà láàárín. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 50: òórùn 12, ìrísí 3, adùn 20, bó ṣe wúwo lẹ́nu 5, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ 10. Ẹ gbóòórùn kí ìfófó tó rọ̀, ẹ sì gbé e mì, torí ohun tó ń kù lọ́fun wà nínú máàkì.

Bí ó bá ń ta sánsán bíi bọ́tà, wọn ò jẹ́ kí ìwúkàrà parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kan bí omi ògì, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Òórùn omi àgbàdo sísè kì í sábà ti ara àgbàdo wá. Ara ọkà báálì tí wọ́n mú hù ló ti sábà ń wá, nígbà tí sísè rẹ̀ kò bá jinná tó.

Lẹ́nu tèmi, Odeku kún lẹ́nu jù, ó sì ní adùn díẹ̀. Ti Dublin gbẹ lọ́fun, adùn ohun yíyan sì hàn nínú rẹ̀ ju tiwa lọ. Máàkì kan tàbí méjì ni mo fi ń ya Odeku sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ tiyín sì kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti ní “èyí dùn”, àwọn ọmọ á gbè yín ni. Ẹ ya fọ́tò ìwé máàkì àti ọjọ́ ara Odeku náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Èmi ni àbúrò yín.