Lẹ́tà sí Màámi, nítorí owó oṣù méjì tí kò dé

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, 2025

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àbójútó gbogbo wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Mo wà láàyè, ara mi sì ti ń yá, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀ kí ẹ tó ka ohun tó kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ fúnra yín ni kí ẹ ka ìwé yìí. Ẹ má fún ọmọ Bọ̀ọ̀dá kà sí yín létí. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, ẹ sáà wá dígí yín. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyẹn tí mi ò fi gba ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù, torí mo mọ̀ pé gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ.

Owó oṣù kẹwàá kò dé. Ti oṣù yìí náà kò tíì dé. Bọ̀ọ̀dá kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí, níbi tí àwọn àna wa wà, pé Lọ́ńdọ̀nù ti mú mi gbàgbé ẹni tó bí mi. Aago mẹ́ta òru ni mo ka ọ̀rọ̀ náà, mo jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú báàfù, mò ń sunkún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún, ìrora ni. Ọ̀rọ̀ náà kàn bá ẹkún lójú mi ni, ó sì fi kún un.

Màámi, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n gé e. Mi ò sọ fún yín torí ojú ń tì mí, àti torí ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Mo rò pé tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, n ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé mo lọ síbì kan.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tí mò ń pa á mọ́ra. Wákàtí méjìlá ni iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. À ń gbé wọn dìde, à ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwa méjì péré la sì máa ń wà lórí èèyàn tó lé ní ogún, nítorí náà bí ìgbẹ́ bá gbọ̀n mí, ṣe ni mò ń mú un mọ́ra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí n tó délé, ó ti gbẹ, n ó wá máa fi ipá tì í. Dókítà ní ìfipátì yẹn, ẹrù wúwo, àti kéèyàn máa jókòó pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nídìí wú. Mo bi í nípa ṣúgà, torí ohùn yín ò kúrò létí mi láti ìgbà tí ẹ ti máa ń gba ṣúgà lọ́wọ́ mi tí mo bá fẹ́ jù ú sí gààrí: "Jẹ̀díjẹ̀dí lò ń wá yẹn o!" Ó ní ṣúgà kọ́ ló fà á. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́bà kékeré so ó lẹ́ẹ̀mejì kó lè gbẹ, kó já dànù. Ó tún padà. Nígbà tó yá, ó jáde, kò wọlé mọ́, bí mo tilẹ̀ fi ọwọ́ tì í. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní àfi kí àwọn gé e. Àgbo tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù kẹjọ dé ọwọ́ mi. Mo mu ún fún ọjọ́ mẹ́rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ sí i, ni mo bá jáwọ́. Mi ò sọ nígbà yẹn, torí mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gé e gan-an ni mo padà sílé. Wọ́n fún mi lóògùn oorun, ìgbà tí mo máa jí, ó ti tán. Wọn ò jẹ́ kí n lọ àfi ìgbà tí mo tọ̀, torí ìtọ̀ máa ń há mọ́ àwọn mìíràn lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ará ìjọ wa kan ló wá mú mi, òun ló sì sùn tì mí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò mọ nǹkan kan lára. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún síbẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì rò pé bí yóò ṣe rí lọ nìyẹn.

Ó dé lọ́jọ́ kejì. Ọmọ márùn-ún lẹ bí, mi ò ní fi tèmi wé tiyín. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí wọ́n bá fi ata rodo ra ojú egbò, tí wọ́n wá ní kéèyàn jókòó lé e, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo wúkọ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ̀ ọ́n. Ikùn ni mo fi ń sùn. Wọ́n fún mi ní paracetamol àti ibuprofen, wọ́n fi codeine kún un fún ìgbà tó bá le jù. Flagyl tí ẹ mọ̀ yẹn náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́; wọ́n ní ó máa ń dín ìrora irú egbò yìí kù. Codeine yẹn, bó ṣe ń pa ìrora ló ń mú ìgbẹ́ le. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi ní ìyẹ̀fun kan tí mò ń pò mọ́ omi mu láàárọ̀ àti lálẹ́ kí inú mi lè rọ̀.

Níbi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rèé. Ẹ̀rù ìgbọ̀nsẹ̀ bà mí débi pé mi ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Mo ní ohun tí kò bá wọlé kò ní jáde. Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì pè mí, ó bi mí ní ohun tí mo jẹ. Nígbà tí mo dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ara ẹni tí kò jẹun ni ìgbẹ́ ti ń gbẹ jù, kí n jẹ ẹ̀wà, kí n jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kí n sì máa mu omi dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ ni mo se ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n èyí tó ti gbẹ nínú ti gbẹ.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà mí. Mo di etí báàsìnì ìfọwọ́ mú, mò ń pe orúkọ yín. Mo pe Bàbá náà, ẹni tó ti lọ láti ọjọ́ yìí. Òógùn bò mí, ojú mi ṣókùnkùn. Nígbà tó jáde tán, mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, torí pé ilẹ̀ náà tutù, mi ò sì lè dìde. Màámi, mi ò kọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló fà á tí ọmọ òun ò pe òun lọ́sẹ̀ yẹn, ohun tó fà á nìyẹn.

Omi ló gbà mí. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, n ó jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ẹ ṣe máa ń jẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé jókòó sómi lẹ́yìn ìbímọ náà ni, àfi pé tibí kì í gbóná bíi tiyín, wọn ò sì ní kí n da Dettol sí i. Tí omi yẹn bá ti dé ibẹ̀, ṣe ni gbogbo ibi tó fún pọ̀ á tú sílẹ̀. Mo tún ra àpótí kékeré kan tí mò ń gbé ẹsẹ̀ lé tí mo bá wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, kí orúnkún lè ga ju ìdí lọ, bí ẹni tó lóṣòó. Ó ń jẹ́ kó rọrùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, tí mo ti ń rò pé ó ti ń lọ sópin, ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó pọ̀ débi pé omi ò hàn mọ́. Mo pe 111, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ ìlera níbí, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́sibítù. Mo sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan kó tó dá. Wọ́n ní ó máa ń ṣe àwọn díẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì, nígbà tí èépá egbò bá ń ṣí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì tí mo pinnu ṣe di ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Wákàtí tí mo bá ṣe ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Tí ara mi ò bá yá, £118.75 lọ́sẹ̀ ni òfin ọdún 2025 yìí ní kí wọ́n san, wọn kì í sì í sanwó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. £700 lóṣù ni yàrá tí mò ń gbé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìṣirò. Mi ò fi owó yín jayé. Ọ̀la ni mò ń padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní kí n má tíì gbé èèyàn. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28, ni owó á wọlé, ọjọ́ náà ni n ó fi £100 ránṣẹ́ sí yín, tààrà sí àpò ìkówópamọ́ tiyín. Tó bá di oṣù kejìlá, n ó san èyí tó kù.

Ta ló ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín fún oṣù kẹwàá? Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ má sọ pé ẹ ń lo ìdajì-ìdajì. Owó páànù tí mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá lóṣù keje ńkọ́, ₦650,000, ṣé páànù ti wà nílẹ̀? Ẹ̀rùn ti wọlé, káfíńtà yẹ kó ti gun òkè. Mi ò bi í lórí WhatsApp níwájú àwọn àna, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun bi èmi níbẹ̀.

Màámi, ọ̀rọ̀ kan tún wà. Òun gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

Kí wọ́n tó gé e, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo inú ìfun mi títí dókè, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìdí jáde kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí nígbà gbogbo. Dókítà bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ní àrùn jẹjẹrẹ ìfun rí. Mi ò lè dá a lóhùn. Bàbá ló wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà yẹn, mo sì rántí ẹ̀jẹ̀ náà. Mo rántí pé ó tó ọdún méjì tó fi ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, pé ó rù hangogo, pé ikùn rẹ̀ wú níkẹyìn, àti pé ìgbà tó ti pẹ́ ni a tó gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ sọ fún wa pé jẹ̀díjẹ̀dí ló pa á. Dókítà ní jẹ̀díjẹ̀dí kì í mú èèyàn rù bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n sọ fún yín lọ́sibítù lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ìwé kan wà nínú àpótí Bàbá tí mo lè fi han àwọn ará ibí? Mi ò dá yín lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà. Wọn ò rí nǹkan kan nínú ìfun tèmi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ìfun ló pa Bàbá, gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Bọ̀ọ̀dá sì ti lé ní 50. Níbí, ẹni tó bá ti pé 50, ìjọba á máa fi ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìgbẹ́ wò ránṣẹ́ sílé rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, láìjẹ́ pé ara ń ro ó. Ẹ bá mi sọ fún un kó lọ sọ́sibítù ńlá Ifẹ̀. Kò ní gbọ́ tó bá jẹ́ láti ẹnu mi.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Lóṣù kẹsàn-án, ẹ ní ìdí ń dùn yín díẹ̀, pé ẹ ti rẹ àgbo. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀? Bó bá wà, ẹ má dúró de ọjọ́ 28. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́sibítù Wesley Guild lọ́la, ẹ yá owó, mo máa san án. Kí òrùlé dúró ná.

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí bọ̀ yóò tún dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin kó tó padà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sínú ìwé fún un, kí ẹ lẹ̀ ẹ́. N ó pè yín ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí Bọ̀ọ̀dá bá wà nítòsí, ẹ sáà sọ pé ẹ ti rí dígí yín, yóò yé mi.

Èmi ọmọ yín,
Àbíkẹ́yìn