Lẹ́tà sí Àkànní lórí Kànga Brigid Mímọ́ ní Liscannor

Àkànní, ọmọ mi,

Mo rí ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti Liscannor, ní ilẹ̀ Írẹ́lándì yìí, dé, pé ṣé kì í ṣe òrìṣà ni àwọn ará ibẹ̀ ń bọ nídìí kànga wọn, àti pé ṣé ó burú bí o bá gbé fídíò tí o yà níbẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí n dá ọ lóhùn ní kíkún, nítorí Màmá aládùúgbò wa tí wọ́n mú wa lọ tún fẹ́ kí o bá àwọn lọ ní ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kò sì ní jẹ́ kí èmi lè wà níbẹ̀.

Ti fídíò ni n óò kọ́kọ́ sọ. Pa á rẹ́. Ọ̀nà tóóró tí a gbà wọlé lọ síbi tí omi náà ti ń sun, tí nǹkan bo ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kì í ṣe ibi ìpàtẹ fún arìnrìn-àjò. Àwòrán àwọn tí ó ti kú ni púpọ̀ nínú ohun tí o rí níbẹ̀, pẹ̀lú káàdì ìrántí òkú, rósárì, ère kéékèèké, àti lẹ́tà tí ọ̀rinrin ti jẹ tádàwá ara rẹ̀. Fídíò ni ò ń yà lọ́wọ́ nígbà tí Màmá yọ káàdì ọkọ wọn jáde nínú báàgì, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí bí wọ́n ti fi etí apá kóòtù wọn nu ojú àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n wá ibi tí omi kò ti ní máa kán sí i, tí wọ́n sì fi í há ẹ̀yìn okùn rósárì ẹlòmíràn, lẹ́yìn tí wọ́n ti rọra tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín bí ẹni pé onítọ̀hún dúró níbẹ̀. Àjèjì lójú ńlá ṣùgbọ́n kò fi ríran. N kò fẹ́ kí ojú àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ó ti dolóògbé di ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò máa fi ìka tì kọjá lórí fóònù.

Ní ti òrìṣà, Brigid tí wọ́n ń dárúkọ níbẹ̀ ni obìnrin tí ìtàn sọ pé ó dá ilé ìsìn sílẹ̀ ní Kildare, tí ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 525. Ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì ni àjọ̀dún rẹ̀, ìjọba Írẹ́lándì sì ti ya ọjọ́ ìsinmi kan sọ́tọ̀ fún un láti ọdún 2023. Òótọ́ ni pé àwọn ará ilẹ̀ yìí ní òrìṣà obìnrin kan tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà kí ẹ̀sìn Kírísítì tó dé, àwọn onímọ̀ mìíràn sì gbà pé ìtàn àwọn méjèèjì ti wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́ lẹ́nu Màmá ni Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run àti Mo Kí Ọ Màríà, bí wọ́n ti ń yí ère náà po, tí ère sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún wọn nígbà gbogbo, torí ọ̀nà tí oòrùn ń gbà ni wọ́n máa ń tọ̀. Àwa náà ńkọ́? Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ CAC, a máa lọ sí Ìkéjì-Arákejì, wọn a sì fi kẹ́ẹ̀gì bu omi wálé fún wa láti mu. Láti ìgbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Ìlẹ́ṣà ní ọdún 1930 ni àwọn ènìyàn wa ti ń sọ̀rọ̀ omi ìyè. Ẹni tí ó bá pe ti ìyá mi ní ìbọ̀rìṣà lójú mi yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, n kò sì ní jẹ́ kí ọmọ mi sọ ohun tí n kò lè gbà sí ìyá onìyá.

O tún yẹ kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ yìí ti dé etí wọn rí, ẹgba ni ó sì bá a dé. Ní ọdún 1704, òfin tí wọ́n ṣe láti fi ká àwọn ọmọ Àgùdà lọ́wọ́ ka pípéjọ sídìí irú kànga bẹ́ẹ̀ sí ìwà ọ̀daràn. Ṣílè mẹ́wàá ni owó ìtanràn, ẹni tí kò bá sì rí i san, wọ́n á nà án ní gbangba. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1660, àwọn aṣáájú ìjọ Àgùdà fúnra wọn ti ṣe ìpàdé ní Tuam, wọ́n sì ka ijó àti fèrè léèwọ̀ nídìí kànga; nígbà tí ó sì di sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn fàdá pa ọ̀pọ̀ àjọ̀dún kànga run nítorí ọtí àti ìjà igi. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń lọ. Nígbà kan rí, àwọn ará erékùṣù Aran a máa wa ọkọ̀ ojú omi kọjá òkun wá sí Liscannor ní òpin oṣù Júláì, wọn a ṣe àìsùn ní òru Sátidé lẹ́bàá kànga, kí wọ́n tó gba ìlú Lahinch lọ ní ọjọ́ Sọ́ńdè.

Bí o bá fẹ́ fi fóònù rẹ ṣe ohun tí ó ní láárí, bi Màmá bóyá wọ́n á gbà kí o gba ohùn wọn sílẹ̀. Láàárín ọdún 1937 sí 1939, àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n tó nǹkan bí 50,000 ni wọ́n fún ní ìwé kíkọ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, kí wọ́n lọ kọ ohun tí àwọn àgbà bá sọ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìtàn kànga ni wọ́n mú bọ̀: kànga tí ó ṣí kúrò láàárín òru nítorí pé ẹnì kan fọ aṣọ nínú rẹ̀, omi tí ó kọ̀ tí kò hó lórí iná, ẹja tí ó máa ń fara han ẹni tí yóò gba ìwòsàn. Àwọn ọmọ náà kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì mọ bí a ti ń jókòó ti àgbà.

Màmá kò ní fi ipá mú ọ ṣe ohunkóhun. Èmi kò yí ère náà po. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo gbàdúrà ní orúkọ Jésù fún wọn àti fún ilé wọn, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Fi ọwọ́ kan omi náà bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má mu ún, ìwọ tí inú rẹ kì í gba omi tí a kò sè. Má ṣe mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀, ìbáà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń so aṣọ mọ́ igi, má ṣe tú èyí tí o bá bá níbẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé àìsàn máa ń lọ bí aṣọ náà ti ń jẹrà, àti pé ẹni tí ó bá tú u ni àrùn náà yóò bá relé. Aṣọ tí ó lè jẹrà ni kí ènìyàn so. Rọ́bà àti ọ̀rá tí àwọn àlejò ń so kiri báyìí kì í jẹrà, ó sì ń ṣe igi náà léṣe.

Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 15, ẹ tètè kúrò nílé. Di Màmá lápá mú bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí itẹ́ òkú tí ó wà lókè, nítorí orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kò sì ní sọ fún ọ. Mo ti fi kẹ́ẹ̀gì kékeré kan sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ bu omi fún ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí ojú ń dà láàmú, tí kò lè rin ìrìn àjò mọ́. Ìwọ ni kí o bá wọn gbé e.

Ìyá rẹ,
Limerick