Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ara ọ̀rẹ́ yín yan fẹ́mílì pláànì

Sí ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, àti ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ kà á o, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín,

Látìgbà tí mo ti rìtáyà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mi. Àwọn tó wà nítòsí l'Ébùúté Mẹ́ta níbí ń kan ilẹ̀kùn, àwọn ti Mushin ń fi WhatsApp ránṣẹ́: "Mummy, fẹ́mílì pláànì wo ló dáa jù?" Èmi náà á ní, ta ló fẹ́ lò ó? Inú á bí àwọn kan, wọ́n á ní màmá ò fẹ́ fi àṣírí hàn àwọn. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Èyí tó bá aládùúgbò ẹ lára mu, tó ń lò ó tó ń sanra tó ń dán, ó lè jẹ́ òun ló máa jẹ́ kí ìwọ máa rí ẹ̀jẹ̀ kán kán kán títí tó máa sú ẹ.

Sálọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ẹ jókòó sábẹ́ dráyà, ẹnì kan á ní alápá, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, ti rìn lọ sí àyà ẹ̀gbọ́n òun, òmíì á ní omi iyọ̀ lòun máa ń mu tí ọkọ òun bá ti ṣe tán, àwọn ọmọ kékeré inú yín á ní Krest ẹlẹ́rìndòdò ni, tàbí iyọ̀ Andrews, tàbí Ampiclox, oògùn apakòkòrò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi. Omi iyọ̀, Krest, Andrews, Ampiclox, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń dènà oyún. Wọn ò ṣe ìkankan nínú wọn fún ìyẹn. Tó o bá mu ún tí oyún ò dé, oṣù yẹn ni oyún ò ní dé tẹ́lẹ̀, Krest kàn wá gba orúkọ ni. Ti Ampiclox ló tiẹ̀ burú jù, torí kòkòrò inú ara yín lẹ fi ń kọ́ bí kò ṣe ní gbọ́ oògùn mọ́ lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá dé.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi ẹ ni pé ìgbà wo lo fẹ́ bí òmíì? Torí ẹni tó fẹ́ lóyún lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní ní kó lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta. Depo-Provera yẹn dáa o, wọ́n á gún ẹ lẹ́ẹ̀kan ó di oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa rí i nínú báàgì ẹ, àmọ́ tó o bá fi í sílẹ̀ ara máa ń pẹ́ kó tó padà sípò, ó lè tó oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó o gbà kẹ́yìn kó o tó lóyún, ti ẹlòmíì tún máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ọmọ yìí ti ba ilé ọmọ ẹ̀ jẹ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Àmọ́ ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá ọkọ?

Ẹni tó bá fẹ́ sinmi fún ọdún díẹ̀, kó wo alápá. Jadelle ní ọ̀pá méjì, ọdún 5 ló ń lò. Implanon NXT jẹ́ ọ̀pá kan, ọdún 3 ni tiẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ yín torí ẹ ò tíì rí i, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Apá tó ò fi ń ṣiṣẹ́ ni nọ́ọ̀sì máa mú, á nù ún, á gún un ní abẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ lè kú, ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ló ń ta ẹ, lẹ́yìn náà ló máa wá ti ọ̀pá yẹn wọ abẹ́ awọ ní inú apá òkè, kò gùn ju igi ìṣáná lọ, kò sí pé wọ́n ń rán nǹkan kan, bándéèjì ni wọ́n á fi wé e, kí omi má kàn án fún ọjọ́ mélòó kan. Tó o bá tẹ ibẹ̀ wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Tẹ́ni tó mọṣẹ́ bá fi í síbi tó yẹ, ibẹ̀ náà lo máa bá a, tó o bá wá a tí ọwọ́ ẹ ò kàn án, padà lọ bá wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì yọ ọ́, oyún lè tètè dé, ẹ má sọ pé mi ò wí.

Wàhálà tiẹ̀ ni nǹkan oṣù. Ó lè ṣe ségesège, ó lè dúró pátápátá, ó lè máa kán díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ò léwu, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ẹ ro bó ṣe máa rí fún yín tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá tó ń lọ nínú Ramadan, kẹ́ ẹ tó yan èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kì í sábà bi yín ní ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa dá a sọ.

Lúùpù, ìyẹn Copper T, kò ní họ́móònù kankan, ó tó ọdún 10 nínú ilé ọmọ, ẹni tó ní BP lè lò ó, ìyá ọlọ́mú lè lò ó. Àmọ́ tí nǹkan oṣù ẹ bá ti máa ń ya tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì tó lára ẹ, fi í sílẹ̀, á tún fi kún un. Àwọn ọkọ kan á ní okùn ẹ̀ ń gún àwọn. Nọ́ọ̀sì á gé e kù.

Kóró oníkóró ojoojúmọ́ wá ńkọ́? Ó dáa fún ẹni tí ayé ẹ̀ létò. Ìwọ tó ò ń jí lọ Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ ra tòmátì, tó o bá dé alẹ́ o ò mọ̀ bóyá o jẹun, ṣé kóró lo fẹ́ máa rántí? Nínú 100 obìnrin tó ń lò ó bí èèyàn ṣe ń lò ó gan-an, tó ń gbàgbé lónìí tó ń rántí lọ́la, bíi 7 ló máa lóyún láàárín ọdún kan. Kọ́ńdọ̀mù, bíi 13. Kí ọkùnrin ní òun á yọ ara òun kó tó dà á síta, bíi 20, ẹ̀yin ọkùnrin sì mọ ìdí ẹ̀. Alápá àti lúùpù, kò pé ẹyọ kan. Ẹni tí BP ẹ̀ ga, ẹni tó ti lé ní ọdún 35 tó ń mu sìgá, ẹni tí orí fífọ́ ẹ̀ máa ń mú kí ojú ẹ̀ máa rí mọ̀nàmọ́ná, kóró oníhọ́móònù méjì kì í ṣe tiẹ̀ rárá, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó ń fún lọ́mú, tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, kó béèrè mini-pill, ìyẹn kóró oníhọ́móònù kan.

Ọ̀rọ̀ ọmú yẹn náà, òótọ́ ni pé ó ń dènà oyún, àmọ́ ọmọ ò gbọ́dọ̀ tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan oṣù ò gbọ́dọ̀ tíì padà, ọmú nìkan sì ni, tọ̀sán tòru. Tẹ́ ẹ bá ti ń fún un ní omi, tí ìyá àgbà ń rọ àgbo fún un, ẹ ti jáde nínú ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì Yaba, Postinor kì í ṣe oúnjẹ. Ohun tí èèyàn ń lò nígbà tí nǹkan bá bẹ́ ni, láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Tí oyún bá ti dúró kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Tó o bá ti ń rà á lóṣooṣù ní kẹ́mísìtì, ohun tó dúró lò ń wá, wá nǹkan ṣe sí i. Nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, kọ́ńdọ̀mù nìkan ló sì ń gbà yín lọ́wọ́ HIV àti àtọ̀sí, ẹni tó ní alápá lápá tí kò mọ ibi tí ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ ń sùn, kó fi kọ́ńdọ̀mù kún un.

Tẹ́ ẹ bá dé iwájú nọ́ọ̀sì, ẹ má parọ́. Oògùn tẹ́ ẹ ń lò, ẹ sọ ọ́, torí àwọn oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kan àti ti wárápá máa ń sọ agbára alápá àti kóró di aláìlera, oyún á wá dé, ẹ̀ẹ́ ní wọ́n fi ayédèrú sí yín lápá. Tí nọ́ọ̀sì bá ń bi ẹ́ pé o ò tíì lọ́kọ kí lo wá ṣe níbí, èmi mọ irú wọn, mo bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, má sunkún, dìde lọ sẹ́ńtà mìíì. PHC, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba kékeré, wà káàkiri àdúgbò, ní Island ẹ lè lọ Lagos Island Maternity, lápá ibí LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Látọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n má gbowó oògùn fẹ́mílì pláànì nílé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ ẹ mú owó díẹ̀ dání, wọ́n ṣì lè ní kẹ́ ẹ ra ìbọ̀wọ́ àti òwú.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ. Ẹni tó bá ti bímọ tó, tó ní òun ò bí mọ́, ọkùnrin náà lè ṣe tiẹ̀, ìyẹn kí wọ́n dí ọ̀nà àtọ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré ni, kò ní ká okó yín lọ́wọ́ kò, àmọ́ ẹ ṣì máa lo kọ́ńdọ̀mù fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fò ó kọjá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù ló rọrùn jù láti lọ, wọn ò ní máa ṣiyèméjì bóyá oyún wà. Tó o bá gba nǹkan kan, fún un ní bí oṣù mẹ́ta kí ara mọ̀ ọ́n, àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà yàà tàbí tí ikùn bá ń ro ẹ́ gidi. Tí ò bá wá bá ẹ lára mu, padà lọ kí wọ́n yí i, ẹ̀tọ́ ẹ ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bléèdì yọ alápá fún ẹ nínú ilé. Kó o sì kọ ọjọ́ tó máa parí sínú fóònù, torí káàdì yẹn máa sọnù.

Èmi ni,
Màmá Nọ́ọ̀sì, Ébùúté Mẹ́ta